Jẹ́ Kí Ìyá Ọkọ Rẹ Bẹ Ẹ̀gẹ́ Wọn

Ìṣẹ́yìn,
Ọjọ́rú.

Kúdírátù, ọmọ mi,

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ pè mí láàárọ̀ yìí láti Ìgànná. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, òun ń bọ̀ ní Ìwéré-Ilé wá gbé ìyá wọn lọ sí ilé òun, nítorí pé ìwọ ń fi arúgbó aláìsàn ṣiṣẹ́ bí ẹrú. Bàbá Àgbà, olórí ẹbí wọn, ti gbọ́ sí i. Wọ́n ní kí ó dúró ná, kí àwọn lọ bi ìyá fúnra wọn léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ wà. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn bí mo ti ń kọ ìwé yìí.

Mùtíù ọkọ rẹ sọ fún mi pé o sunkún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́. Bí mo bá pè ọ́ nínú ilé ọkọ, "ẹ̀n, màámi" àti "mo gbọ́, màámi" nìkan ni o lè dáhùn, torí pé etí pọ̀ níbẹ̀. Ka èyí nínú yàrá rẹ, kà á lẹ́ẹ̀kejì, kí o sì fún ọkọ rẹ kà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ gàrí yíyan ni àna mi, ìyá ọkọ rẹ, wà tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọlù wọ́n. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó mú, ahọ́n wọn sì wúwo. Àwọn dókítà ní Ṣakí gba ẹ̀mí wọn là, wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí ẹ̀jẹ̀ ríru tó fa gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò lè gbé ife. Mo wá sí Ìwéré-Ilé, mo wo ọwọ́ náà, mo sì rí i pé àwọn ìka ń mira nígbà tí wọ́n bá gbìyànjú láti di nǹkan mú. Ọwọ́ tó bá ṣì ń mira, ó ṣì ń gbọ́ràn. Mo fi ohun tí o máa ṣe hàn ọ́, o sì ń ṣe é. Lánàá, Ìyá Sàídì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ yìí kan náà, dé láìròtẹ́lẹ̀. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí àga lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀bẹ àti ẹ̀gẹ́, ó sì bá ọ ní ìdúró tì wọ́n, o káwọ́ lẹ́yìn.

Èmi ni mo ní kí o máa káwọ́ lẹ́yìn, kí ọwọ́ rẹ má baà sáré gba iṣẹ́ náà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí èmi àti rẹ̀ ṣe sọ ọ́ lórí fóònù nìyí, nítorí pé wọ́n lè ròyìn rẹ̀ fún ọ lọ́nà mìíràn.

"Ìyá Kúdí, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ má bínú pé mo pè yín ní kùtùkùtù. Ọmọ yín ló tì mí débẹ̀."

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá Sàídì. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìyàwó wa dúró, ó káwọ́ lẹ́yìn bí ọ̀gá ọlọ́pàá, màmá mi ń bẹ ẹ̀gẹ́!"

"Ẹ̀gẹ́ mélòó?"

"Ẹyọ kan ni o. Ṣùgbọ́n ṣé torí pé ó jẹ́ ẹyọ kan ni kí n má sọ̀rọ̀?"

"Ṣé wọ́n bẹ ẹ́ tán?"

"Wọ́n bẹ ẹ́ tán. Ó dà bí èyí tí òkété jẹ kù."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín fẹ́ gba òun náà, ó gbé e mì.

"Ìyá Sàídì, nígbà tí ẹ lọ kí wọn ní ilé ìwòsàn, ṣé ọwọ́ yẹn lè di ẹ̀gẹ́ mú?"

"Ìyẹn kọ́ là ń sọ, Ìyá Kúdí. Gbogbo Ìwéré-Ilé ló ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá. Ẹni tó bá rí wọn, ṣé yóò dúró bèèrè pé ìtọ́jú ni? Wọ́n á ní Ìyá Onígàrí bímọ, kò rí ọmọ tọ́jú òun. Èmi sì ni àkọ́bí. Orúkọ tèmi ni wọn yóò máa fi mu gàrí lọ́jà."

Kúdírátù, má ka obìnrin yìí sí ọ̀tá. Òótọ́ wà nínú ohun tó sọ, mo sì máa padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí o kọ́kọ́ mọ̀ ni ìdí tí a fi ń ṣe ohun tí à ń ṣe, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, ìmọ̀ ni yóò dáhùn, kì í ṣe omijé.

Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé nọ́ọ̀sì ni mí, torí o kò mọ orúkọ mìíràn tí o lè pè é. Ní ilé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, àwọn aláìsàn ń pè mí ní Màdáámù Oníṣẹ́-ọwọ́. Ọkupéṣánà tẹ́rápì ni àwọn olóyìnbó ń pe iṣẹ́ náà. Kò ní abẹ́rẹ́, kò ní òògùn. Dókítà á gba ẹ̀mí là tán, yóò sì ku kí ẹni tó yè náà lè de ìró rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó bu omi bójú, kí ó gbé oúnjẹ dé ẹnu, kí ó ṣe ìwọ̀nba iṣẹ́ tó ń mú kí ó mọ̀ pé òun ṣì jẹ́ ẹnìkan láàárín ilé. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, mọ ohun tí àrùn yìí bàjẹ́. Kì í ṣe ọwọ́. Iṣan ọwọ́ àna mi wà níbẹ̀, egungun wà níbẹ̀. Ibi tí àṣẹ ti ń wá sí ọwọ́ nínú ọpọlọ ni ó fara pa. Rò ó bí ọ̀nà oko tí koríko bò mọ́lẹ̀. O lè fi òróró pa ọwọ́ náà láti òwúrọ̀ di alẹ́, òróró kì í la ọ̀nà. Ẹsẹ̀ tó ń lọ, tó ń bọ̀ lórí ọ̀nà oko ni í là á. Bí ọwọ́ bá ń gbìyànjú iṣẹ́ kan náà lójoojúmọ́, bí kò tilẹ̀ ṣe é dáadáa, ọpọlọ á máa wá ọ̀nà mìíràn gbà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì rán ọwọ́ náà níṣẹ́, ọpọlọ á gbàgbé pé òun ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀gẹ́ tó dà bí èyí tí òkété jẹ kù yẹn, ìtọ́jú ni. Bí èyí tí wọ́n bẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bá dára díẹ̀ sí i, a ó mọ̀ pé ọ̀nà ń là.

Èkejì ni pé iṣẹ́ ẹni ni kí a fi wo ẹni sàn. Èyí kò yé mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Wọ́n gbé bàbá ahunṣọ kan wá bá wa láti Ìṣẹ́yìn níhìn-ín, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ bíi ti àna mi. Mo ní pátákó kan tí a lu ihò sí, pẹ̀lú àwọn igi róbótó tí a ń kì bọ inú ihò náà. Mo gbé e kalẹ̀ síwájú bàbá, mo ní kí wọ́n máa kì wọ́n. Bàbá kì wọ́n díẹ̀, wọ́n gbójú sókè.

"Ọmọ mi, bí mo bá kì wọ́n tán, kí ni yóò dà?"

"Kò ní da nǹkankan, bàbá. Kí ọwọ́ yín lè lágbára ni."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ẹ ó yọ wọ́n, ẹ ó sì tún wọn kì."

Bàbá yíjú sí ìyàwó wọn tó jókòó létí ògiri. "Ìyá Táwà, bá mi mú fìlà mi. Jẹ́lé-ó-sinmi ti parí."

Wọ́n dìde lóòótọ́. Inú bí mi. Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo ní bàbá náà kò fẹ́ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú wa. Ọ̀gá mi bi mí pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní ahunṣọ ni. Ó ní, "Kí ni ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe lórí òfì?" Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí, ariwo òfì ni mo ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò sì mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe níbẹ̀. Mo ní láti wálé wá wò ó. Ọwọ́ kan á ju ọ̀kọ̀ tí òwú wà nínú rẹ̀ gba àárín òwú kọjá, ọwọ́ kejì á là, á gbà á, á sì jù ú padà. Lílà, gbígbà, jíjù: ohun mẹ́ta tí mo fẹ́ kí ọwọ́ bàbá kọ́ gan-an nìyẹn, mo sì ń fi igi róbótó wá a. A wá ọ̀kọ̀ kan fún wọn. Kò sí ẹni tó tún ní láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó.

N kò ní purọ́ fún ọ: bàbá náà kò hun aṣọ oníṣẹ́ púpọ̀ mọ́ láyé wọn. Aṣọ tó rọrùn ni wọ́n padà hun, èyí tó jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n orí òfì wọn ni wọ́n ti hun ún, láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, bàbá sì ń bú àwọn ọmọ náà bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, Kúdírátù, Àjọkẹ́ mi, bọ́ọ̀lù rọ́bà tí Mùtíù rà ní Ṣakí pé kí ìyá máa fún, bá mi gbé e pamọ́ fún ọmọ tí ẹ ó bí. Onígàrí ni àna mi. Gbogbo ohun tí ọwọ́ lè ṣe ni iṣẹ́ gàrí ní nínú. Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn. Kí wọ́n fọ ẹ̀gẹ́ nínú omi, torí pé omi á gbé ọwọ́ náà dání. Kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di asẹ́ mú kí wọ́n máa sẹ́ gàrí, nítorí pé ọwọ́ tó le á máa fa èyí tí kò le lọ́wọ́ lọ. Ẹ̀gẹ́ bíbẹ ni kí ó kẹ́yìn, orí pákó tí mo ní kí káfíńtà kan ìṣó méjì sí nìkan sì ni, kí ìṣó di ẹ̀gẹ́ mú, kí ọ̀bẹ má baà yọ̀. Má gbàgbé pé iná kò sí nínú rẹ̀. Ọwọ́ yẹn kò tíì mọ gbígbóná dáadáa. Agbada gàrí lè bó o kí wọ́n tó mọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀ pàápàá, ọwọ́ òsì ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi kan omi.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó kan Ìyá Sàídì, òun ló sì le jù. Ilé wa kọ́ wa pé àgbà kì í bu omi mu nígbà tí ọmọ wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ rere ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n nínú àìsàn yìí, ó máa ń pa ọwọ́. Ìlú Òfíkì ni mo ti rí i. Ọdẹ ni ọkùnrin náà, olórìṣà ni, wọ́n ní ó máa ń dá nìkan ru ìgalà wọ̀lú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé rẹ̀, ìyàwó kan ń fún un lóúnjẹ, èkejì ń nu ẹnu rẹ̀, ọmọ kan ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, òmíràn sì ń dúró kí ó lè gbé e lọ wẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé kún fún ẹbí. Ọ̀dọ́bìnrin ni mí nígbà náà. Mo wo àwọn àgbà tó jókòó yíká, ojú tì mí láti sọ pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò dára. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìtọ́jú o." Mo bá tèmi lọ.

Nígbà tí mo padà débẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti ká, kò ṣe é nà mọ́. Àwọn ìka ti wọ inú àtẹ́lẹwọ́, èékánná ń gún un. Ọkùnrin náà rí mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ti fi mí jọba, nọ́ọ̀sì. Ọba tí kò lè nu imú ara rẹ̀."

Kò sí ẹni tó hùwà burúkú nínú ilé yẹn. Ìwà ọmọlúàbí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo ti pinnu pé bí mo bá dé ilé kan, n ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo tún kọ́ pé ẹni tí a bá ń sọ ọ́ fún àti ẹni tó ń sọ ọ́ ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Ìyàwó kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹbí ọkọ pé ìtọ́jú wọn ti pọ̀ jù. Jẹ́ kí Mùtíù sọ ọ́, torí pé òun ló bá Ìyá Sàídì mu ọmú kan náà. Jẹ́ kí Bàbá Àgbà sọ ọ́. Ìwọ, kúnlẹ̀ kí o kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ bó ti yẹ.

Ibi tí a ti ṣe àṣìṣe ni ẹnu ọ̀nà. O gbé ìyá síta nítorí afẹ́fẹ́, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọjá lọ lórí ọ̀kadà kò rí pákó oníṣó, kò rí ìtọ́jú. Arúgbó àti ọ̀bẹ ló rí, àti ìyàwó tó káwọ́ lẹ́yìn. Èmi kò ronú débẹ̀, ó sì yẹ kí n ronú débẹ̀. N kò ní kí o gbé wọn pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí n ó ní kí o ṣe ni pé kí o jókòó, kí o mú ọ̀bẹ tìrẹ, kí ẹ jọ máa bẹ ẹ́. Bí ọwọ́ rẹ bá ti ní iṣẹ́, kò ní sáré gba tiwọn, kò sì sí ẹni tó máa rí ẹrú àti olówó ẹrú níbẹ̀. Bí Ìyá Sàídì bá dé lọ́jọ́ Jímọ̀, fún òun náà ní ọ̀bẹ. Sọ fún un pé, "Àǹtí mi, ẹ bá wa jókòó, ẹ jẹ́ kí Màmá bẹ ẹyọ kan, kí ẹ̀yin náà bẹ ẹyọ kan." Abẹ́ ọwọ́ ìyá yẹn ni ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ ẹ̀gẹ́. Jẹ́ kí ó fojú ara rẹ̀ rí i bí ìyá ṣe ń wo iṣẹ́ tirẹ̀, tí wọ́n á sì ní kò bẹ ẹ́ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì ńkọ́? O ní ìyá kì í jáde kí àlejò mọ́ torí wọn kò fẹ́ fi òsì bá ènìyàn bọwọ́, wọn kò sì fẹ́ fi òsì jẹun. Má fi agbára mú wọn. Mo ti fi agbára mú Àlájà kan rí ní Ìbàdàn.

"Màmá, ẹ fi òsì jẹ ẹ́ ná."

"Òsì wo? Òsì tí mo fi ń ṣe ìmọ́tótó?"

"Ebi á pa yín o."

"Kí ó pa mí. Ṣé ìwọ lo máa bá mi dáhùn níwájú Ọlọ́hun?"

A ránṣẹ́ sí àáfà wọn. Àáfà wá, ó ní ẹ̀sìn gbà á fún aláìsàn. Àlájà ní àwọn ti gbọ́, àwọn dúpẹ́, àwọn ò jẹ ẹ́. Ohun tó yanjú rẹ̀ kò ju àkísà lọ. Mo fi àkísà wé ọrùn ṣíbí títí ó fi nípọn tó ọmọ odó kékeré, kí ọwọ́ ọ̀tún tí kò lè di ohun tínrín mú lè rí i dì. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n fi òsì gbé ọrùn ọwọ́ ọ̀tún láti ìsàlẹ̀. Ọ̀tún ló ń jẹun, òsì kàn ń bá a gbẹ́rù ni. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ méjèèjì fi ń mọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán. Ṣe irú ṣíbí bẹ́ẹ̀ fún àna mi; bí wọ́n ṣe máa bá àlejò bọwọ́ náà nìyẹn, kí òsì gbé ọ̀tún. Àlùwàlá náà bẹ́ẹ̀: bu omi díẹ̀ sínú búta, má kún un, kí òsì gbé ìdí rẹ̀, kí ọ̀tún di ọwọ́ rẹ̀ mú. Omi á dà sílẹ̀. Jẹ́ kí ó dà. Àlùwàlá márùn-ún lójúmọ́, kò sí ẹ̀kọ́ ọwọ́ tí mo lè ṣètò tó dára ju ìyẹn lọ.

Àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí o ti mọ̀, mo kàn ń tún wọn sọ kí Mùtíù lè kà wọ́n ni. Bí wọ́n bá ń wọ bùbá, apá ọ̀tún tí kò le ni kí ó kọ́kọ́ wọlé. Bí wọ́n bá ń bọ́ ọ, òun ni kí ó jáde kẹ́yìn. Ẹ má fa apá náà láti gbé wọn dìde, èjìká rẹ̀ kò lágbára, ó lè yẹ̀. Àpótí tí wọ́n fi ń jókòó nídìí agbada tẹ́lẹ̀ kéré jù. Àga tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn á ti tẹ ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣeré nítorí pé ara ti ń yá. Bí ẹbí bá gbé àgbo wá, má bá wọn jà, má sì fún wọn mu kí Mùtíù tó bi dókítà.

Bí ó bá rẹ̀ wọ́n, ẹ dáwọ́ dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Wọ́n á máa sunkún nígbà mìíràn láìnídìí, wọ́n sì lè bú ọ. Ara àìsàn ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní àwọn kò ṣe lónìí, gbà fún wọn. Ìyá ọkọ rẹ ni wọ́n, kì í ṣe ọmọ iléèwé rẹ. Ohun tó ya iṣẹ́ wa sọ́tọ̀ kúrò lára ìmúnisìn ni pé ẹni tó ń ṣe é lè kọ̀. Bí Ìyá Sàídì bá tún bi ọ́, sọ ìyẹn fún un.

Má sì ṣèlérí. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé ọwọ́ á padà bíi ti tẹ́lẹ̀, sọ pé o kò mọ̀, nítorí pé èmi náà kò mọ̀. Mo ti rí èyí tó padà, mo ti rí èyí tó padà ní ìdajì, mo sì ti rí èyí tí kò padà láìka gbogbo ìtọ́jú sí. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí èyí tí a kò lò.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni èyí tí o kò ní fẹ́ gbọ́. Bí Bàbá Àgbà bá bi àna mi, tí wọ́n sì ní Ìgànná ni àwọn ń lọ, jẹ́ kí wọ́n lọ. Má sunkún lójú wọn, má kà á sí pé wọ́n lé ọ. Mo mọ̀ pé ìyàwó tuntun ni ọ́, tí o sì ń rò pé ìlú á ní ìwọ lo mú kí ìyá sá kúrò nílé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Wọ́n lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìlú kì í pẹ́ bí ọwọ́ tó ká. Gbé pákó oníṣó náà sínú ọkọ̀, fi ṣíbí alákìísà náà kún un, kí o sì bẹ ọkọ rẹ kí ó jẹ́ kí o tẹ̀lé wọn lọ sùn níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí o lè kọ́ Ìyá Sàídì ní ohun tí mo kọ́ ọ. Gàrí pọ̀ ní Ìgànná ju Ìwéré-Ilé lọ. Ilé tí ìyá wà kọ́ ni mo ń jà fún. Ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe nínú ilé náà ni.

Bí wọ́n bá sì ní àwọn ò lọ, má yọ̀ lójú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ. Bẹ̀ ẹ́ kí ó máa wá.

Ìwọ náà, sinmi. Ọ̀sán tí ìyá bá ń sùn, sùn. N kò tọ́ ọ láti di aláìsàn kejì nínú ilé yẹn.

Ọlọ́hun á fún ìyá ní àlàáfíà, á sì jẹ́ kí ìwọ àti ọkọ rẹ jèrè iṣẹ́ yìí.

Èmi ni, ìyá rẹ tó bí ọ.

Mo fi èyí kún un kí n tó di ìwé náà. Awakọ̀ tó máa mú un wá fún ọ ti dé. Ìwéré-Ilé ló ti gbéra láàárọ̀. Ó ní bí òun ti ń kọjá, òun rí Bàbá Àgbà tí wọ́n jókòó ti àna mi lẹ́nu ọ̀nà yín, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ní òun fọn fèrè ọkọ̀ kí wọn, àna mi sì juwọ́ sí òun. Mo bi í pé ọwọ́ wo. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ta ló ń wo ọwọ́?" Mo ní kí ó ronú dáadáa. Ó ronú, kò rántí. Ó ní òun á wò ó nígbà tí òun bá ń fún ọ ní ìwé yìí.